Ọjọ́ Tí Àwọn Aláàáró Bàbá Mi Ò Wá

Katakata kan ló ń ro ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo ń bó ẹ̀gúsí, afẹ́fẹ́ sì gbé òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí wá bá mi. Òórùn yẹn ò tíì yí padà láti kékeré mi. Ó tutù, ó dà bí inú àmù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi àkọ́kọ́ sí. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀gúsí. Fún ìgbà díẹ̀, mo tún di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yìn ò sì dùn mí.

Ráfíátù, ọmọ ọmọ mi tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi láti ilé ìwé rẹ̀ ní Ṣakí, jókòó tì mí, fóònù lọ́wọ́. Láti ìgbà tí a ti mu ògì tán ló ti ń ka ìròyìn fún mi: ogun níbì kan, omíyalé níbì kan, àwọn ajínigbé nínú igbó kan tí kò jìnnà sí wa. Nígbà tó ṣe, ó dojú fóònù bolẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ọmọ aráyé ti tán. Kò sí nǹkan rere kankan tó kù níwájú.”

Mo fẹ́ bá a wí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kàmọ́rù, bàbá tirẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó kù mí kù láyé, ni wọ́n jí gbé lọ́nà oko lọ́dún tó kọjá. Òkú rẹ̀ la rí. Àwọn tó gbé e, a ò mọ̀ wọ́n rí. Ẹni tó júwe ọ̀nà oko rẹ̀ fún wọn la mọ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá. Táófíkì ni, ọmọ Sàlámátù, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé wa àti tiwọn. Mo kọ orúkọ yẹn síbí kó lè yé yín ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un lọ sí ẹ̀wọ̀n, kò tíì jáde lẹ́nu mi. Mo ti wẹ̀ fún ọmọ yẹn rí. Inú àwo kan náà lòun àti Kàmọ́rù ti máa ń jẹ ẹ̀kọ, Kàmọ́rù á sì ya ẹran sọ́tọ̀ fún un torí pé òun lẹ̀gbọ́n.

Àràárọ̀, tí Sàlámátù bá ti kírun àsùbáà tán, ó máa ń wá sí ìdí ògiri, á kúnlẹ̀. Mi ò kí ń rí i, orúnkún rẹ̀ tó ń dún ni mo fi ń mọ̀. Á wá ní, “Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Kàmọ́rù.” Gbogbo àdúgbò ló ti pa orúkọ yẹn tì kí wọ́n má baà kan egbò mi. Màmá ni wọ́n ń pè mí, tàbí Ìyá Àgbà. Àwọn kan tiẹ̀ ti sọ mí di Àlájà, èmi tí mi ò rí Mẹ́kà lójú àlá. Sàlámátù nìkan ló ṣì ń fi orúkọ ọmọ mi pè mí. Mi ò sì dá a lóhùn rí láti ìgbà náà, torí pé tí mo bá máa dá a lóhùn bó ṣe yẹ ká dá abiyamọ lóhùn, Ìyá Táófíkì ni mo gbọ́dọ̀ pè é.

“Màmá,” Ráfíátù tún wí, “ṣé ẹ máa dá a lóhùn lọ́jọ́ kan ni?”

“Ta ni?”

“Ẹ mọ ẹni tí mò ń wí.”

Mo ní kó jẹ́ kí n bó ẹ̀gúsí mi. Ṣùgbọ́n òórùn ilẹ̀ yẹn ò fi mí sílẹ̀. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, mo ń fi í kọ èyí fún Ráfíátù àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí èèyàn burúkú.

Abà wa wà láàárín Òtù àti Òfìkì. Ilé márùn-ún ló wà níbẹ̀, ògiri alámọ̀, koríko bẹẹrẹ lórí wọn. Igi òrí kan wà láàárín àgbàlá, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn àgbà ti máa ń kírun, abẹ́ rẹ̀ náà ni àwọn ewúrẹ́ ti máa ń sùn, ìjà wọn lórí ibẹ̀ ò sì tán. Bàbá mi ni Bùsàrí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni Làsísì, ilé rẹ̀ ló kọjú sí tiwa. Lẹ́yìn wọn ni Gàníyù, tó gùn, tó máa ń rojọ́ ẹ̀yìn dídùn láti àárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Súlè tó ń kólòlò. Ẹnì karùn-ún ni Akànní ọdẹ, òun nìkan ni kì í bá wọn kírun. Ó ní ẹran ìgbẹ́ ò mọ àkókò ìrun, tí òun bá forí kanlẹ̀, ẹtu á ti dé Òkèhò.

Àwọn márùn-ún yìí ni wọ́n jọ ń ṣe àáró. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n. Lónìí, gbogbo wọn á kó ọkọ́ lọ sí oko ẹnì kan, wọ́n á kọ ebè fún un bí ẹni pé tara wọn ni. Tó bá parí, ó di ti ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe yípo títí á fi kan ẹni tó kẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n wà lóko rẹ̀ ló máa bọ́ wọn. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Ẹnu ni wọ́n fi ń dá a.

Ìparí òjò àrọ̀kúrò ni wọ́n máa ń kọ ebè iṣu ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe, ilẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ̀ bí àkàsù. Ẹni tó bá kẹ́yìn, ọyẹ́ ti ń yọjú, ilẹ̀ á ti máa dá ọkọ́ padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fa igi kéékèèké lọ́wọ́ ara wọn láti mọ ẹni tó máa ṣíwájú. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọwọ́ bàbá mi ló fa igi tó gùn jù, òun ló yẹ kó ṣíwájú. Ìyàwó Làsísì, Àbẹ̀kẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, àwọn tó kù náà sì ní ẹjọ́ tiwọn láti rò. Bàbá mi ju igi náà sílẹ̀.

“Ẹ máa ṣe tiyín lọ. Èmi á kẹ́yìn. Ṣebí inú abà kan náà la wà?”

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣe oko Làsísì, ó ṣe ti Súlè, ó ṣe ti Akànní tí kòkó igi kún inú rẹ̀, ó ṣe ti Gàníyù tí olóko fúnra rẹ̀ fi ẹ̀yìn ti igi irúgbá ní ìdajì ọjọ́. Àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi bó. Òrí ni ìyá mi fi ń pa á fún un nírọ̀lẹ́, bàbá mi á sì máa sọ pé, “Ó ku tiwa.”

Nígbà tó ku ọ̀la kó kàn wá, ìyá mi, Wúràọlá, ṣa iṣu tó gbó jù lọ nínú gbogbo iṣu wa. Ó pa àkùkọ méjì, àwa ò sì ní jù mẹ́ta lọ. Èmi àti Mùráínà, ọmọ Làsísì, la jọ lọ já ewé tí a ó fi bo iyán. Mùráínà lọ̀rẹ́ mi, ẹyẹ tá a bá fi kànnàkànnà pa, a jọ ń jẹ ẹ́ ni, orí fún mi, ara fún un, bẹ́ẹ̀ èmi ni mò ń fojú sun ún. Lọ́jọ́ yẹn ó já ewé ju bó ṣe máa ń já a lọ. Ó tún ń béèrè ohun tí ìyá mi fẹ́ fi se ọbẹ̀. Mo sọ fún un. Ó gbé itọ́ mì.

Nígbà tí ilẹ̀ ọ̀la mọ́, odó wa ti ń dún kí oòrùn tó yọ. Bàbá mi ti lọ sóko tó wà lẹ́yìn ilé. Ó to ọkọ́ àfikún méjì kalẹ̀, bí ti ẹnikẹ́ni bá kán. Ó gbé kèrègbè omi sábẹ́ igi. Ó wá dúró, ó ń wo ọ̀nà.

“Wọ́n mà pẹ́ o,” ni ìyá mi wí.

“Wọ́n ń bọ̀.”

Oòrùn yọ, ó gòkè. Ìyá mi bo iyán, ó ṣí i, ó tún bò ó. “Àbí kí n lọ pe Làsísì?”

“Wọ́n ń bọ̀, mo ní.”

Hàwá, ìyàwó Fúlàní tó máa ń ta wàrà fún wa, ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà yẹn wá. Ó sọ igbá wàrà rẹ̀ kalẹ̀, ó wo oko, ó wo bàbá mi. “Bùsàrí, ìwọ dúró fún ta ni? Àwọn èèyàn rẹ wà lójú títì. Kọngílá ti kó wọn. Wọ́n ń wa gọ́tà.”

“Èwo nínú wọn?”

“Gbogbo wọn. Èyí tó gùn yẹn ló ń kọrin.”

Kọngílá kan tó ń la ọ̀nà ló ti rán ènìyàn wá lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, pé òun ń wá lébìrà, òun á sì máa sanwó ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wọn ti gbọ́, gbogbo wọn ti fohùn ṣọ̀kan, àfi bàbá mi tí wọ́n ń kí lọ́wọ́ alẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Tiwọn ti parí. Ilẹ̀ tiwọn ti di ebè.

Bàbá mi fi omi tó gbé síbẹ̀ fún wọn ṣe àlùwàlá, ó kírun ọ̀sán lórí ilẹ̀ tí kò tíì kọ. Ó pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀ tó kẹ́yìn. Nígbà tó jókòó, mo sún mọ́ ọn.

“Bàbá, ṣé ẹ ṣépè fún wọn?”

“Òjò ni mo tọrọ.”

“Àmọ́ òjò á rọ̀ sí oko tiwọn náà.”

“Ó dára. Ìwọ lọ sọ fún Ọlọ́run pé kó fò wọ́n.”

Ó gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ebè ní òun nìkan. Mo lè gbọ́ bí ilẹ̀ náà ṣe ń dá a lóhùn, kò! kò! bí ìgbà téèyàn ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ìyá mi ń sunkún nídìí ààrò. Ó gbé igbá iyán, ó ń lọ dà á fún ewúrẹ́. Bàbá mi pariwo láti inú oko: “Wúràọlá, má ṣe bẹ́ẹ̀! Orúkọ wọn lo fi gún un. Gbé e fún wọn.” Ìyá mi wò ó bí ẹni tí oòrùn ti pa. Ó bú u díẹ̀, lábẹ́ eyín. Síbẹ̀ ó bu iyán àti ọbẹ̀ sí igbá mẹ́rin, èmi ni wọ́n gbé e rù.

Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára ọmọdé kó máa gbé iyán lọ fún àwọn tó já bàbá rẹ̀ kulẹ̀. Mo gbé ti Gàníyù, mo gbé ti Súlè, mo gbé ti Akànní. Ti Làsísì ni mo gbé kẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé wọn, mo sọ igbá kalẹ̀, mo bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, mo dà á sínú ọbẹ̀, mo sì fi ìka rò ó pọ̀ dáadáa. Mo ní kó jẹ ẹ́, ọ̀rẹ́ bàbá mi.

Àbẹ̀kẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ìbejì kan lẹ́yìn, ìkan lọ́mú. Kò lè wo ojú mi. Mùráínà ti fa ìjókòó kó tó gbé e kalẹ̀ tán.

“O mọ̀,” ni mo wí fún un. “Láná, a jọ ń já ewé, o mọ̀.”

Ó ti ki òkèlè bọ ọbẹ̀. “Bí mo bá sọ fún ẹ, ṣé ìyá ẹ á gún iyán?”

Ó fi sẹ́nu. Mo gbọ́ bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe dún láàárín eyín rẹ̀. Ó dúró, ó wò mí, ó tún rún un lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e mì. Ó ki òmíràn bọ̀ ọ́.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì lóòótọ́, díẹ̀ báyìí, ó kàn pa eruku ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, a jí bá Làsísì nínú oko wa. Ó ti kọ ebè tó tó ogún. Bàbá mi kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ó dúró ní poro kejì, wọ́n jọ ń lọ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n sinmi ni Làsísì tó lanu.

“Bùsàrí, ọbẹ̀ ìyàwó ẹ dùn.”

“Ó dáa.”

“Iyẹ̀pẹ̀ inú ẹ̀ ló pọ̀ díẹ̀.”

“Iyẹ̀pẹ̀ kẹ̀?” ni ìyá mi figbe ta. Bàbá mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ó kàn yí ojú sí ọ̀dọ̀ mi, mo sì rí i pé ẹ̀rín ń pa á, pé kò sì fẹ́ kí n rí i. “Bu omi fún Bàbá Mùráínà,” ló wí. “Kó fi fọ eyín.”

Tí mo bá fẹ́ kí ìtàn yìí dùn létí yín, ibẹ̀ ni kí n dúró sí. Àmọ́ ọjọ́ méjì péré ni Làsísì fi wá. Lọ́jọ́ kẹta, ó padà sọ́dọ̀ kọngílá. Àwọn tó kù ò tiẹ̀ yọjú rárá. Ebè wa ò tó ìdajì ti ọdún tó ṣáájú, nígbà tó sì di ọdún kejì, láfún tí àwọn ẹbí ìyá mi ń fi ránṣẹ́ láti Òfìkì la jẹ kọjá. Mo mọ ebi. Mo tún mọ bó ṣe ń rí téèyàn bá ń gbọ́ òórùn iyán ẹlòmíràn látorí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ bá wọn kọ.

Nígbà tí àkókò ebè tún dé, bàbá mi lọ bá gbogbo wọn láti ilé dé ilé, pé àáró ti tó. Ìyá mi fọwọ́ gbá itan.

“Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ ti gbàgbé ni?”

“Mo rántí.”

“Ẹ rántí, ẹ tún lọ bá wọn?”

“Ta ni kí n lọ bá? Àwọn ọ̀bọ orí àpáta yẹn? Èèyàn náà ló wà, Wúràọlá.” Ó ń pọ́n ọkọ́ rẹ̀, kò gbójú sókè. “Àmọ́ o, èmi kọ́ ni màá kẹ́yìn lọ́dún yìí. Èmi ni màá kọ́kọ́ ṣe.”

Òun ló sì kọ́kọ́ ṣe. Làsísì wá, Súlè wá, ó ń kólòlò ẹ̀bẹ̀ tí kò parí títí iṣẹ́ fi parí. Akànní wá pẹ̀lú itan ẹtu. Gàníyù ò wá. Ó kó kúrò lábà wa kó tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, mi ò sì gbọ́ pé ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.

Gbogbo wọn ti kú báyìí. Mùráínà bá àwọn tó ń lọ Àbíjàn lọ nígbà tí a di ọ̀dọ́, kò padà mọ́. Abà náà ti di igbó, ẹnikẹ́ni ò sì lè dá gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ nítorí àwọn tó gbé Kàmọ́rù. Katakata ló ń ro ilẹ̀, olówó ló ń háyà rẹ̀. Ó yá jù, mi ò lè parọ́. Kò kàn sí ẹni tó ń jẹ iyán pa pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún Ráfíátù. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Màmá, ebè ni wọ́n fi dun Bàbá yín.”

Òótọ́ ló sọ. Ebè kọ́ ni ọmọ. Ọdún kan ni iṣu, ó máa ń padà wá. Mo ti ń bá Ọlọ́run sọ ọ́ lórí ẹní ìrun láti ọjọ́ yẹn, mi ò sì rí ọ̀nà tí mo lè gbà mú àwọn méjèèjì dọ́gba. Ohun tí mo rí kò ju pé bàbá mi ò retí kí èèyàn dáa kó tó bá wọn gbé. Ó mọ̀ wọ́n ní orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó mọ ohun tí kálukú wọn ṣe, ó sì tún jí lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nídìí ìyẹn ju bí ọkàn Gàníyù ṣe balẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ yìí, mo kírun tán, mo ṣì wà lórí ẹní. Mo gbọ́ orúnkún Sàlámátù.

“Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Kàmọ́rù.”

“Káàárọ̀ o,” ni mo wí. Ó ku nǹkan kan. Èmi mọ̀, òun náà mọ̀, torí pé kò dìde. Mo rí ojú ọmọ mi. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń ya ẹran. Mo di ẹní mú.

“Ìyá Táófíkì.”

Ẹ rántí pé kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, òun náà. Lẹ́yìn náà, ó béèrè bí gbogbo obìnrin ṣe ń béèrè, ohùn rẹ̀ kéré, “Ṣé ẹ jí dáadáa, mà?”

A dúpẹ́ la máa ń fi dá ìyẹn lóhùn. Mi ò tíì lè sọ ọ́.

“Mo jí,” ni mo wí.

“Èmi náà jí, mà.”

Ráfíátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí n má retí pé òun máa kí obìnrin yẹn láé. Mo ní mi ò retí ẹ̀, bàbá rẹ̀ ni wọ́n pa. Ó lọ gbé omi kaná, ó sì gbé tèmi lé e kó tó gbé tirẹ̀.

Ọ̀la á tún mọ́, Sàlámátù á tún kí mi. Mi ò mọ̀ bóyá màá lè pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kejì. Màá jí, màá kírun, màá sì fetí sílẹ̀.